Ọjọ́ mẹ́jọ ní Karoo: ẹ dín ìlú kù, ẹ fi oorun kún un

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní òpin oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́jọ la ní láti wakọ̀ láti Cape Town wọ inú Karoo, ilẹ̀ gbígbẹ ibẹ̀, nítorí àwọn ìlú kéékèèké tí wọ́n ní ó rẹwà níbẹ̀. Mo ti kọ orúkọ ìlú 11 sílẹ̀. Ọkọ̀ kékeré la fẹ́ háyà, kì í ṣe jíìpù. Ṣé a lè dé gbogbo wọn? Kí ló yẹ kó wà nínú ọkọ̀, ibo la sì ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ọkọ̀ yín lè dé ìlú 11 ní ọjọ́ mẹ́jọ, torí títì ọ̀dà ibẹ̀ dára. Àmọ́ ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sùn ní mẹ́rin péré nínú wọn: Sutherland, Prince Albert, Graaff-Reinet àti Nieu-Bethesda. Ẹ jẹun ọ̀sán ní Matjiesfontein, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ìlú Karoo kì í tóbi: òpópónà kan, ṣọ́ọ̀ṣì gíga kan ní ìdí rẹ̀, ilé funfun tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó parí. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn á ti le, àwọn ará ìlú á ti wọlé, àwọn àlejò tó ń kọjá nìkan ni ẹ ó máa bá pàdé. Ohun tí ẹ torí rẹ̀ wá ń jáde ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀ tí òkè bá ń pọ́n, tí onílé bá gbé àga síta. Ó sì tún ń jáde ní òwúrọ̀ kùtù kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tó bá dé ní ọ̀sán tó sì kúrò ní aago méjì, ilẹ̀kùn títì ló rí.

Ohun kejì tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìlú wọ̀nyí ló ń tì ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, wọn kò sì ní ṣí títí di Mọ́ńdè. Nítorí náà, kí ẹ tó ka kìlómítà, ẹ ka ọjọ́. Ẹ kúrò ní Cape Town ní ọjọ́ Wẹ́sidé: ẹ sun Wẹ́sidé àti Tọ́sìdé ní Sutherland, Fúráìdé àti Sátidé ní Prince Albert, Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè ní Graaff-Reinet, Túsìdé ní Nieu-Bethesda. Ní Wẹ́sidé kejì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Gqeberha, ìyẹn Port Elizabeth àtijọ́, kí ẹ dá ọkọ̀ padà ní pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 1,500. Bí ẹ bá ń háyà ọkọ̀, ẹ béèrè iye tí wọ́n máa gbà nítorí pé ìlú mìíràn lẹ ó ti dá a padà, torí owó yẹn kì í sábà hàn nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń fa ojú yín mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kí a tó gbéra, torí táyà ni Karoo fi ń jẹ àlejò níyà. Ọkọ̀ kékeré tó fún ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ yìí. Ọ̀dà ni èyí tó pọ̀ jù, àfi òkè Swartberg. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí búùtù níwájú ẹni tó ń fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ wò ó bóyá sípíà tó wà níbẹ̀ tóbi bíi táyà yòókù. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi sí i, èyí tí kò gbọ́dọ̀ sáré ju kìlómítà 80 ní wákàtí kan, tí kò sì wà fún ọ̀nà òkúta rárá. Bí ó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ náà. Ẹ gbé jáàkì jáde kí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi sípánà kan nọ́ọ̀tì kan, kí ẹ sì béèrè bóyá àwọn nọ́ọ̀tì náà ní kọ́kọ́rọ́ àrà ọ̀tọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn ló máa ń fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, tí wọ́n á fi dúró ojú ọ̀nà pẹ̀lú sípíà tó dáa. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì: ọ̀pọ̀ ló yọ táyà, gíláàsì àti abẹ́ ọkọ̀ kúrò, àwọn mìíràn sì kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí ẹ má wọ ọ̀nà tí kò lọ́dà. Bí tiyín bá kọ̀ ọ́, ẹ má gun Swartberg. Màá sọ ọ̀nà mìíràn.

Ní ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́, iye afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà ló ṣe pàtàkì jù. Lórí ọ̀dà, ọkọ̀ kékeré sábà máa ń lo nǹkan bíi bar 2.2, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀dà ti parí, ẹ tú u sí 1.8. Táyà tó rọ̀ díẹ̀ máa ń gba òkúta mọ́ra, èyí tó le koránkorán ni òkúta ń gún wọlé. Ẹ má tú u ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ó bá rọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á yọ síta, àwọn òkúta pelebe Karoo tó mú bí abẹ á sì ya ẹ̀gbẹ́ náà. Gígún ṣeé lẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ti ya kò ṣeé lẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ táyà, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò síga nínú ọkọ̀, kí ẹ lè dá afẹ́fẹ́ padà kí ẹ tó sáré lórí ọ̀dà.

Ìyára yín lórí òkúta kò gbọ́dọ̀ ju 60 lọ. Ẹ ó bá ibi tí ilẹ̀ ti wú léraléra bíi páànù òrùlé, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Ó dà bíi pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí 90, gbígbọ̀n náà á dín kù. Lóòótọ́ ó ń dín kù, ṣùgbọ́n orí àwọn ibi tó wú yẹn nìkan ni táyà ń fò kàn nígbà yẹn, kò di ilẹ̀ mú mọ́. Tí kọ́nà bá dé, ọkọ̀ kò ní gbọ́ ti ìtukọ̀ mọ́. Báyìí ni ọ̀pọ̀ àlejò ṣe ń dojú ọkọ̀ dé ní ọ̀nà tó tẹ́jú, láìsí ọkọ̀ mìíràn nítòsí.

Ẹ má jẹ́ kí máàpù fóònù yan ọ̀nà fún yín. Èyí tó kúrú jù ni ó ń wá, kò sì mọ ohun tí táyà ń fojú rí. Bí ó bá ní kí ẹ gba R355 láti apá Ceres, ẹ má dáhùn: nǹkan bíi kìlómítà 250 ni ọ̀nà òkúta yẹn títí dé Calvinia, kò sí ìlú kankan láàárín rẹ̀, ó sì lókìkí fún jíjẹ táyà. Ẹ ti fi máàpù pamọ́ sínú fóònù kí ẹ tó kúrò ní Cape Town, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa lẹ́bàá N1, títì ńlá tó jáde láti Cape Town, ó sì ń kú pátápátá láàárín àwọn òkè.

Apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Ní àárín Cape Town, àwọn ọkọ̀ tó yí yín ká á máa rán yín létí. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí ẹ bá jáde láti ilé epo tàbí ibi tí ẹ ti ya fọ́tò sójú títì tó ṣófo: ọwọ́ á fẹ́ yí ìtukọ̀ sí apá ọ̀tún bó ṣe mọ́ ọn lára, kò sì ní sí ọkọ̀ kankan níwájú tó máa fi hàn yín. Kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà máa pe "òsì" ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbéra. Ẹ mú láìsẹ́nsì ìwakọ̀ ti àgbáyé dání mọ́ ti ilé.

Ó yá, Wẹ́sidé. Ẹ gba N1, ọ̀nà á mú yín kọjá nínú ihò Huguenot lábẹ́ òkè, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 4 (wọ́n ń gba owó níbẹ̀), lẹ́yìn náà oko èso àjàrà àfonífojì Hex River. Kété tí ẹ bá gun òkè jáde ní òpin àfonífojì náà, ewéko á parí lójijì. Karoo nìyẹn. Èdè Khoi ni orúkọ náà ti wá, ilẹ̀ gbígbẹ ló sì ń tọ́ka sí. Ó gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Igbó rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, àgùntàn ló ń jẹ ẹ́, àwọn ẹ̀rọ onírin tí afẹ́fẹ́ ń yí ló sì ń fa omi jáde láti abẹ́ ilẹ̀ fún wọn.

Matjiesfontein wà ní nǹkan bíi kìlómítà 235 sí Cape Town. James Logan, ará Scotland kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ló dá a sílẹ̀ ní 1884, hòtẹ́ẹ̀lì Lord Milner sì ti wà níbẹ̀ láti 1899. Òpópónà kan péré ni gbogbo ìlú náà, wákàtí méjì tó fún un. Láti ibẹ̀, R354 jẹ́ ọ̀dà títí dé Sutherland, kìlómítà 110. Ẹ kún táńkì kí ẹ tó kúrò lójú N1.

Ìdí tí mo fi fún Sutherland ní alẹ́ méjì ni pé ìkùukùu lè ba alẹ́ kan jẹ́. Ìlú náà ga tó nǹkan bíi mítà 1,450, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, kò sí iná ìlú ńlá kankan nítòsí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ibùdó ìwòràwọ̀ orílẹ̀-èdè náà sórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Awò ńlá tí wọ́n ń pè ní SALT, tí wọ́n ṣí ní 2005, wà níbẹ̀: dígí onígun mẹ́fà 91 ni wọ́n tò pọ̀ títí ó fi fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 11. Ọ̀sán ni wọ́n ń mú àlejò wo SALT fúnra rẹ̀. Ní alẹ́, àwọn awò kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò lẹ ó fi wo ọ̀run, torí SALT wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gba àyè sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì wo kàlẹ́ńdà òṣùpá kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú: ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá kò sí lójú ọ̀run lẹ fẹ́. Bí òṣùpá bá kún, ìdajì ìràwọ̀ ti lọ nìyẹn.

Láìsanwó rárá, ẹ lè rìn jáde lẹ́yìn ìlú ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ pa gbogbo iná, títí kan fóònù. Ojú nílò ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ́ òkùnkùn lára. Ìṣẹ́jú àáyá kan lójú fóònù, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí gúúsù. Ohun méjì tó dà bí èéfín funfun tí kò kúrò lójú kan, Ìkùukùu Magellan nìyẹn, àgbájọ ìràwọ̀ mìíràn tó wà lẹ́yìn òde tiwa, tí ojú lásán sì ń rí. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn. Sutherland wà lára ìlú tó tutù jù ní Gúúsù Áfíríkà; ní òpin oṣù kẹsàn-án pàápàá, omi lè dì lórí gíláàsì ọkọ̀ mọ́jú. Ẹ má da omi gbígbóná sí i, gíláàsì á sán. Ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ dúró.

Ní Fúráìdé, ẹ padà sí N1, kí ẹ kọjá Laingsburg (odò kún bo ìlú yìí ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1981, èèyàn 104 ló bá a lọ, ilẹ̀ gbígbẹ kì í mu òjò ńlá, nítorí náà ẹ má wọ odò tó bá ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà láé). Ẹ yà ní Prince Albert Road, kìlómítà 45 ló kù.

Prince Albert ni ìlú tí mo fẹ́ kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn jù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òpópónà: gọ́tà tóóró kan ń lọ níwájú àwọn ilé, omi mímọ́ tó ti òkè Swartberg wá ló wà nínú rẹ̀. Leiwater ni wọ́n ń pè é. Ní iwájú ọgbà kọ̀ọ̀kan tó ní ẹ̀tọ́ sí i, ilẹ̀kùn pelebe kékeré kan wà nínú gọ́tà náà. Onílé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ àti wákàtí tirẹ̀ tí a kọ sílẹ̀. Bí ìṣẹ́jú rẹ̀ bá dé, á gbé ilẹ̀kùn náà sókè, omi á ya wọ ọgbà, á kún ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ àti ólífì, bí àkókò bá pé á tì í padà kó lè dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá rẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ ó gbọ́ bí omi ṣe ń yí ohùn padà bí ilẹ̀kùn kan ti ń ṣí tí òmíràn ń tì. Òun ni ìlú fi wà láàyè. Ẹ má fọ ọwọ́ sínú rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni ọjà kékeré ìlú náà. Ẹ lọ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹ ra búrẹ́dì, ólífì àti èso gbígbẹ fún Sọ́ńdè. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gun òkè Swartberg. Thomas Bain ló la ọ̀nà náà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló fọwọ́ ṣe é, wọ́n sì ṣí i ní 1888. Kò lọ́dà títí di òní, ó sì ga dé mítà 1,583. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń lọ́ bí ejò, ẹ dúró kí ẹ wo ògiri tó gbé ọ̀nà náà dúró: òkúta lórí òkúta, kò sí sìmẹ́ǹtì kankan láàárín wọn, ó sì ti ju 130 ọdún lọ tí ó ti ń gbé ọkọ̀. Ẹni tó ń gòkè ni ẹ fún láyè ní ibi tó há. Ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹ lo gíà kejì, tàbí L nínú ọ̀tọ́máátíìkì. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì títí. Bí ẹ bá gbóòórùn nǹkan tó ń jóná tí bíréèkì sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ wá ibi gbalasa dúró sí fún ìṣẹ́jú 20, kí ó fúnra rẹ̀ tutù.

Láti ìsàlẹ̀ lódì kejì, ẹ gba De Rust, kí ẹ padà la àárín òkè kọjá ní Meiringspoort. Ọ̀dà ni èyí, ó sì ń ré odò kan náà kọjá ní ìgbà 25 láàárín ògiri òkúta pupa tó ti ká bí aṣọ. Ẹ padà sí Prince Albert gba Klaarstroom. Gbogbo àyíká náà tó nǹkan bíi kìlómítà 170, ẹ fún un ní wákàtí márùn-ún. Bí òjò tàbí yìnyín bá ti rọ̀, wọ́n máa ń ti Swartberg. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé tí ẹ dé sí ní òwúrọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá tì í, tàbí tí ìnṣọ́ránsì yín kò gbà á, Meiringspoort nìkan tó lọ àbọ̀. Ní orí òkè, àmì ọ̀nà kan á tọ́ka sí Gamkaskloof. Ẹ má yà síbẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré: nǹkan bíi kìlómítà 37 ni, ó ń gba wákàtí méjì ní àlọ nìkan, ọ̀nà kan náà lẹ ó sì gbà padà.

Sọ́ńdè jẹ́ ti ọkọ̀, torí kò sí ohun tó ṣí. Nǹkan bíi kìlómítà 375 ni. Ẹ kún táńkì ní Beaufort West, ìlú tí wọ́n bí Chris Barnard sí, dókítà tó kọ́kọ́ pààrọ̀ ọkàn èèyàn, ní 1967. Tírélà pọ̀ lójú N1. Bí èyí tó wà níwájú bá yà sí etí ọ̀nà kí ẹ lè kọjá, ẹ tan iná ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti dúpẹ́. Láti Beaufort West lọ sí Aberdeen, R61 gùn gbọọrọ, ó sì ń mú oorun kun èèyàn. Ẹ pààrọ̀ dírẹ́bà. Kámẹ́rà ibẹ̀ kì í ṣe ti ojú kan: ó ń ṣírò ìṣẹ́jú tí ẹ fi rìn láti ibì kan dé ibì kejì, nítorí náà dídẹ ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá rí i kò ràn yín lọ́wọ́.

Graaff-Reinet ti wà láti 1786, odò Sundays sì yí i ká bíi pátákò ẹṣin. Ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò níbẹ̀ ju 220 lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, wákàtí kan ààbọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ẹ gun òkè Valley of Desolation nínú ọgbà ẹranko Camdeboo, níbi tí òpó òkúta ti dúró ní mítà 120. Kí ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń ti géètì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ilé funfun àti òkè nìkan parí ìlú yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Robert Sobukwe sí ní 1924, ẹni tó ṣíwájú Pan Africanist Congress, ẹgbẹ́ tó tako ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ní 1959, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí ní 1978. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Karoo, apá kejì wà lẹ́yìn odò tàbí lẹ́yìn òkè, níbi tí ìjọba aláwọ̀ funfun kó àwọn aláwọ̀ dúdú lọ. uMasizakhe ni ti Graaff-Reinet. Ẹ gba afinimọ̀nà ọmọ ibẹ̀ fún wákàtí méjì. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìdajì ìlú lẹ rí.

Nieu-Bethesda kò ju kìlómítà 50 lọ sí ibẹ̀. Kò ní ilé epo, ẹ kún táńkì kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì mú owó ọwọ́ dání. Owl House, ilé Helen Martins, oníṣẹ́ ọnà tó kú ní 1976, ni wọ́n ń torí rẹ̀ wá. Gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n lọ̀ bí iyanrìn ló lẹ̀ mọ́ ògiri àti àjà yàrá rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ojú fèrèsé wọlé, ògiri náà á máa tàn bí ẹni pé ó tutù. Ní ẹ̀yìnkùlé, òwìwí, ràkúnmí àti èèyàn onísìmẹ́ǹtì kún inú ọgbà, ọ̀pọ̀ wọn kọjú sí ìlà oòrùn. Koos Malgas ló bá a mọ púpọ̀ nínú wọn fún nǹkan bí ọdún 12, ó sì yẹ kí ẹ dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ bá ń ròyìn ibẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun, sìmẹ́ǹtì náà ti gbó. Kò sí iná òpópónà ní ìlú yìí, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání tí ẹ bá ń lọ jẹun alẹ́.

Àwọn ohun kéékèèké tó kù: omi lítà 10 kó máa wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, kì í ṣe fún mímu nìkan. Ẹ ra epo nígbà tí táńkì bá dé ìdajì. Géètì oko tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà. Èyí tí ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé àgùntàn fẹ́ dé ibi omi. Lórí òkúta, bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ẹ tan iná, ẹ dẹ ẹsẹ̀, ẹ má kọjá ẹnikẹ́ni nínú eruku. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn, kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá yín nílé: kudu, àgbọ̀nrín ńlá tó lè wúwo ju kìlógíráàmù 200 lọ, máa ń fò sójú títì ní àṣálẹ́, ó sì máa ń gba ojú gíláàsì wọlé.

Ní Wẹ́sidé tó kẹ́yìn, ẹ gbéra ní Nieu-Bethesda ní aago méje àárọ̀, lẹ́yìn tí oòrùn ti là dáadáa. Ẹ ra epo ní Graaff-Reinet, kí ẹ gba R75. Kí ẹ má gba ọkọ̀ òfuurufú tó gbéra kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, kí àyè lè wà fún táyà kan.